Àwọn Oníyàrá Kan Inú Odò Àwẹ̀yè

Ẹ gbé omi yìí kúrò níwájú mi! Mo ní kí ẹ gbé e kúrò! Òùngbẹ ń gbẹ mí lóòótọ́, ìrìn tí mo rìn láti àárọ̀ kì í ṣe kékeré, ẹ sì ti ṣe mí lálejò dáadáa. Ẹ tẹ́ ẹní fún mi, ẹ kí mi kú ìrìn, ẹ ní kí n sinmi. Ṣùgbọ́n ike tí ẹ fi bu omi fún mi yìí, kí ló wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀? Ẹ má wo ojú ara yín. Ìwọ obìnrin tí o gbé e wá, ìwọ ni mo ń bi.

Ó ní oògùn kòkòrò ni, ṣùgbọ́n àwọn ti fọ ọ́. Níbo lẹ ti fọ ọ́? Ó ní lódò ni. Ẹ̀yin ará abà, ṣé ẹ gbọ́? Wọ́n gbé oògùn lọ fọ sínú odò, wọ́n tún bu odò náà sínú ike oògùn, wọ́n wá gbé e fún àgbà ọdẹ kí ó mu ún! Ó dára. Ẹ pe àwọn tó wà ní ẹbu epo wá. Kí ẹni tó ń fọ́ kòkó ju àdá sílẹ̀. Ẹni tó bá ní etí méjì, kí ó ya ọ̀kan sọ́tọ̀ fún mi. Ẹni tó bá ní ẹyọ kan, kí ó yá mi ní gbogbo rẹ̀. Inú ń bí mi, ẹ ò sì ní sùn lórí ìtàn tí ẹni tínú ń bí bá ń sọ.

Èmi Ọdẹ́rìnlọ ni mo ń bá yín sọ̀rọ̀, ọmọ Aṣípa ọdẹ, ọdẹ tí ẹfọ̀n rí tó gbàgbé ibi tí ìwo rẹ̀ wà! Èmi tí mo bá iwin olórí mẹ́ta jẹun nínú àwo kan, tí mo jẹ ẹran, tí iwin lá ọbẹ̀! Bí mo bá ń ki ara mi, ẹ jẹ́ kí n kì í tán, nítorí nínú ìtàn yìí ẹ óò rí ibi tí ẹnu mi ti bá mi jà.

Olómitútù ni ìlú mi. Odò kan ṣoṣo la ní, Àwẹ̀yè lorúkọ rẹ̀. Òun là ń mu, òun là ń wẹ̀, òun la fi ń fọ ojú ọmọ tuntun. Ẹja inú rẹ̀ ni Ìbídùn ìyàwó mi ń yan, bí ó bá sì ń yan án, ẹni tó ń bínú lọ sílé rẹ̀ á yà kí wa.

Lọ́dún kan, wolé-wolé kan gun kẹ̀kẹ́ wá sí ìlú wa. Ó bu omi Àwẹ̀yè sínú ìgò, ó gbé e sókè kọjú sí oòrùn, ó ní, "Kòkòrò àìfojúrí wà nínú omi yín. Ẹ máa sè é kí ẹ tó mu ún." Gbogbo ohun tó sọ nìyẹn. Ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó lọ. Wọ́n ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀ a di odindi. Ààbọ̀ tí wolé-wolé sọ fún wa, nígbà tó dé inú wa, májèlé ló dà.

Mo délé, mo jókòó, mo ronú. Omi wa ní kòkòrò. Ní kọ̀rọ̀ yàrá mi, ike oògùn kòkòrò wà níbẹ̀ tí mo ń fín sí kòkó. Kí ni iṣẹ́ oògùn kòkòrò? Kí ó pa kòkòrò ni. Ta ni yóò wá máa ṣẹ́gi se omi lójoojúmọ́ nígbà tí oògùn wà nínú ilé? Ẹ má rẹ́rìn-ín! Ẹni tó bá rẹ́rìn-ín, mo máa dá ìtàn yìí dúró sí i lọ́rùn. Àwòrán agbárí wà lára ike náà o, mo rí i. Mo rò pé agbárí kòkòrò ni.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo lọ sí orísun Àwẹ̀yè, mo ṣí ike, mo wọn ìdérí kan, mo dà á sínú omi. Mo ní, "Oògùn rèé o, Àwẹ̀yè, gba ìwòsàn." N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo fẹ́ kí omi náà kọ́kọ́ dára, kí ìlú máa ṣe kàyéfì, kí n wá jáde, kí n ní èmi ni.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí èérí aláwọ̀ ewé fi bo ojú odò. Omi ń yọ̀ lọ́wọ́ bí ẹyin ọ̀pọ̀lọ́, ó sì ń rùn. Àwọn ẹja kéékèèké kò rí nǹkan jẹ, wọ́n gbẹ, wọ́n kú. Lẹ́yìn náà àwọn ńlá dojú ikùn sókè. Inú ń run àgbà, inú ń run ọmọdé. Ààrò ẹja Ìbídùn tutù, aláǹtakùn sì fi ibẹ̀ ṣe ilé. Olómi, ọba wa, pe gbogbo ìlú jọ. Ó ní, "Ẹnì kan ló ba odò yìí jẹ́. Bí ọwọ́ bá tẹ̀ ẹ́, òun àti ilé rẹ̀ ni a ó lé lọ. Bí oṣù yìí bá sì kú tí omi kò dára, gbogbo wa ni a ó kó kúrò."

Ìbídùn sunkún títí lọ́jọ́ náà. Ó ní, "Ibojì ìyá mi wà níhìn-ín. Ta ni kí n fi í sílẹ̀ fún?" Mo wo ojú rẹ̀, mo wo ilẹ̀. Nígbà tí Olómi béèrè ẹni tí yóò lọ sí Igbó Akúnlẹ̀wọ̀ láti wádìí ohun tó ṣe odò, èmi ni mo kọ́kọ́ fò sókè. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Wọ́n rò pé ìgboyà ni. Ìtìjú ni, ẹ̀yin ará mi.

Ẹ má bi mí bí mo ṣe rìn ín. Ọdẹ kì í ka igi tó bá kọjá. Mo dé Igbó Akúnlẹ̀wọ̀, mo kúnlẹ̀, mo wọ̀ ọ́, mo sì bá iwin kan níwájú mi tí ara rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìtàkùn. Ó fi okùn wé orí, ó fi okùn di ìgbàdí, okùn náà ló fi ń wọn gbogbo ohun tó bá ń kọjá. Onídìwọ̀n lorúkọ rẹ̀. Bó ti rí mi ló kígbe pé, "Níbo lò ń lọ, ìwọ òkè tó ń rìn?"

Mo ní, "Ènìyàn ni mí. Mo ń wá ohun tó ṣe odò wa."

Ó ní, "Àwọn tó mọ ohun tó ṣe odò yín ti sá kúrò níbẹ̀. Inú ẹ̀kán ìrì kan ni wọ́n wà báyìí, lórí ewé kókò tó wà lẹ́yìn mi yìí. Ṣùgbọ́n kí n tó jẹ́ kí o wọlé, já àlọ́ mi. Ìyá kan bí ọmọ méjì lọ́jọ́ kan náà. A wá ìyá, a kò rí i. Kò kú, kò sá lọ, kò farapamọ́. Níbo ni ìyá wà?"

Mo ní, "Ó lọ sọ́jà." Ó fi okùn nà mí. Mo ní, "Ó lọ kí àwọn àna rẹ̀." Ó tún nà mí. Gbogbo ẹ̀yìn mi ń ta. Mo ní, "N kò mọ̀ ọ́n."

Ó ní, "Òótọ́ tí o kọ́kọ́ sọ láti àárọ̀ nìyẹn. Bí o bá dé ọ̀hún, ojú rẹ yóò já àlọ́ náà fún ọ. Wò ó, irọ́ tí o fi kún ara rẹ ló jẹ́ kí o ga báyìí. Tú u sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí o lè gba ẹnu ọ̀nà."

Ẹ̀yin ará abà, èyí tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹ má gbé e dé ìlú mi. Mo ní, "Erin tí mo ní mo pa, mo bá a níbi tó kú sí ni." Mo kéré, mo di ìwọ̀n ewúrẹ́. Mo ní, "Awọ ẹkùn tó wà ní ògiri mi, rírà ni mo rà á." Mo di ìwọ̀n aláǹgbá. Mo ní, "Iwin olórí mẹ́ta tí mo ń fi yangàn, orí kan ló ní, a kò sì jẹun pọ̀, ó lé mi ni, mo sì sá." Mo di èèrà, mo di iyanrìn, mo di ohun tí iyanrìn ń wò nílẹ̀. Onídìwọ̀n mú okùn rẹ̀, ó wọ̀n mí, ó mi orí. Ó ní, "Ó ku ọ̀kan."

Mo ní, "Kò kù."

Ó tún wọ̀n mí. Ó ní, "Ó ku ọ̀kan, Ọdẹ́rìnlọ. Máa gbé e wọlé. Bó bá há ọ lọ́nà, ìwọ lo mọ̀." Mo bá tẹ ojú ẹ̀kán ìrì náà, mo rì wọlé.

Ẹ̀yin ará mi, mo ti rí ìlú! Mo ti rí ìlú tí wọ́n ti ń fi ẹ̀yìn rìn, mo ti rí èyí tí wọ́n ti ń ta òjìji, n kò rí irú èyí rí. Ìmọ́lẹ̀ kún ibẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kò sí ilé níbẹ̀, nítorí ara oníkálùkù ni ilé rẹ̀, yàrá kan ṣoṣo ni ilé náà sì ní. Nínú yàrá kan yẹn ló ti ń jẹun, ibẹ̀ ló ti ń sinmi, ibẹ̀ ló ti ń ronú; kò ní ìloro, kò ní ẹ̀yìnkùlé. Ògiri rẹ̀ tín-ín-rín tó bẹ́ẹ̀ tí mo ń rí oúnjẹ àárọ̀ rẹ̀ láti ìta. Mo rí ọ̀kan tó jẹ́ aláwọ̀ ewé, tó ní ojú pupa kan. Ó na ara rẹ̀ sí oòrùn díẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé ikùn, ó ti yó. Mo rí àwọn tó dúró lórí ẹsẹ̀ kan bí olú, tí wọ́n ń yí ẹnu po, tí ẹ̀gbin omi ń wọ ibẹ̀ lọ. Mo rí obìnrin kan tí àjẹ̀ kéékèèké bo gbogbo ara rẹ̀, ẹgbẹ̀rún àjẹ̀, tó ń fi wọ́n wa ara rẹ̀ bí ọkọ̀. Orúkọ rẹ̀ ni Ẹlẹ́gbẹ̀rún-Àjẹ̀. Níwájú mi báyìí ni aláwọ̀ ewé náà fún ara rẹ̀ ní ìbàdí, ó ń fún un lọ, ó já sí méjì, àwọn méjèèjì sì kí ara wọn. Ìyá kò sí mọ́. Òun náà ló di ọmọ méjèèjì. Mo rántí okùn Onídìwọ̀n, ẹ̀yìn mi tún ta mí.

Inú mi dùn. Ṣé ẹ mọ̀ pé ẹni tínú rẹ̀ bá dùn kì í ṣọ́ ẹnu. Mo gbé àyà síta, mo ní, "Ẹ má bẹ̀rù! Èmi Ọdẹ́rìnlọ, ògbójú ọdẹ olóògùn, ni mo dé!"

Igbe ta! Àwọn ẹlẹ́sẹ̀ kan ká kò sílẹ̀, àwọn alájẹ̀ bíi ti obìnrin yẹn yí padà, wọ́n sá kọlu ara wọn. Kí n tó ṣẹ́jú, ohun kan tí kò ní orí, tí kò ní ẹsẹ̀, tó jẹ́ pé apá ibi tó bá wù ú ló ń sọ di ẹsẹ̀, ṣàn wá bá mi, ó gbá mi mọ́ra, ó gbá mi mọ́ra títí mo fi bá ara mi nínú rẹ̀. Àgbà ìlú wọn ni. Ayíradà ni wọ́n ń pè é. Ohùn rẹ̀ ń bọ̀ láti ara gbogbo ògiri.

Ó ní, "O ní kí ni ọ́?"

Mo ní, "Ọdẹ."

Ó ní, "Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́?"

Mo ní, "Olóògùn, bàbá."

Ó ní, "Ó tún wí i! Ó dúró nínú mi, ó tún wí i!" Ògiri náà bẹ̀rẹ̀ sí í fún mi. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo bẹ̀ ẹ́, mo ní nílé wa oògùn ni ohun tí à ń fún aláìsàn kí ara rẹ̀ lè yá.

Ayíradà dẹ ògiri náà díẹ̀. Ó ní, "Níhìn-ín, a kò ní orúkọ fún kíkú ọjọ́ ogbó, nítorí a kì í gbó. Ẹni tó bá dàgbà tán a di méjì, ọ̀rọ̀ ti tán. Ọjọ́ kan la wà nílé wa nínú Àwẹ̀yè, nǹkan kan já láti òkè, ó ń ta lára. Ẹni tó ń wẹ̀ kò lè wẹ̀ mọ́. A pe ọ̀kan, kò dáhùn. A pe ìkejì, kò dáhùn. A kò mọ ohun tí à bá pè é. Ṣùgbọ́n kí ó tó já, a gbọ́ ohùn lókè tó ní, 'Oògùn rèé.' Orúkọ tí a wá fún un nìyẹn. Bí ẹnì kan bá lọ tí kò padà di méjì, a máa ń ní, 'Ó ti ṣe oògùn.' Ìwọ wá ní ìwọ ni olóògùn."

Òógùn bò mí nínú omi. Ó tú mi sílẹ̀, ó ní kí n wá wo àwọn tí wọ́n gbé sá wá. Ẹlẹ́gbẹ̀rún-Àjẹ̀ ló ṣáájú mi. Nínú yàrá oníkálùkù wọn, àpò kékeré kan wà tó ń gbọ́n omi síta bí apẹja ṣe ń gbọ́n omi inú ọkọ̀, nítorí omi ń wọlé sí wọn lára nígbà gbogbo. Àpò àwọn tí mo rí lọ́jọ́ náà ti ń rẹ̀wẹ̀sì. Ó gbọ́n, ó dúró. Ó tún gbọ́n, ó dúró pẹ́. Lójú mi, ti ọ̀kan dúró pátápátá. Ó wú, ó wú, ògiri rẹ̀ já. Kò pariwo. Níbi tó wà, omi lásán ló kù.

Ẹlẹ́gbẹ̀rún-Àjẹ̀ tún mú mi dé ẹ̀gbẹ́ kan. Àwọn méjì ló wà níbẹ̀ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara wọn ní ìbàdí. Ó ní, "Àwọn wọ̀nyí ti ń pín lọ́wọ́ nígbà tó já. Wọn kò lè parí rẹ̀, wọn kò sì lè padà. Apá kan ń wa ọkọ̀ lọ síwájú, apá kejì ń wà á lọ sẹ́yìn. Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹnu púpọ̀, kí lẹ máa ń pe irú èyí nílé yín?"

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí, ẹ̀yin tí ẹ ń ṣan tánkì tí ẹ fi ń fín kòkó sínú omi tí ẹ tún ń kọrin, kí lẹ̀yin máa ń pè é? Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ẹ ń mì í. Lójoojúmọ́ lẹ ń mì í!

Ayíradà sọ̀rọ̀, inú ń bí i tó bẹ́ẹ̀ tí ara rẹ̀ ń yọ ẹsẹ̀ níbi gbogbo. Ó ní, "Kí ni a ṣe fún yín? Àwa là ń gbá omi yín. Ẹ̀gbin tí ojú yín kò rí, àwa là ń jẹ ẹ́. Àwa fúnra wa ni oúnjẹ ọmọ ẹja, ọmọ ẹja sì ni oúnjẹ yín. Nígbà tí a lọ, ṣé ẹ rí bí omi ṣe rí? Èyí tó ń jẹ kòkó yín, kòkòrò. Èyí tó ń jẹ ẹ̀wà yín, kòkòrò. Èyí tó ń jẹ eyín yín, kòkòrò. Àwa tí à ń gbálẹ̀ fún yín láti ìgbà tí odò ti ń ṣàn, kòkòrò! Orúkọ kan náà lẹ fún olè àti agbálẹ̀, ẹ wá fi igi kan náà lù wọ́n. Ta ló dà á?"

Èmi tí ẹnu mi kì í sinmi, mo gbé ojú kúrò lára rẹ̀, n kò ní èmi ni.

Ẹlẹ́gbẹ̀rún-Àjẹ̀ wo àwọn méjì tó lẹ̀ mọ́ ara wọn yẹn, ó wò mí, ó ní, "Èmi yóò bá a lọ. Bí ẹnì kan kò bá padà, odò yẹn kú nìyẹn." Ayíradà kọ́kọ́ kọ̀. Ìgbà tó ṣe, ó ní, "Ọ̀kan tó. Ọ̀kan yóò di méjì, méjì yóò di mẹ́rin. Ṣùgbọ́n kí ni wàá fi gbé e? Kò sí igbá, kò sí garawa, kò sí ike kan nílùú yín tí oògùn kò tíì kàn. Ẹnu rẹ ni wàá fi gbé e. O kò gbọdọ̀ mì, o kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Bí o bá tú u sínú orísun, kò ní pín àfi kí ẹni tó da oògùn fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ létí odò pé òun ni. Ẹni tó bá ba odò jẹ́ tí kò jẹ́wọ́, yóò tún bà á jẹ́."

Onídìwọ̀n fi okùn rẹ̀ fà mí gùn padà. Mo tẹ ewé kókò náà, Ẹlẹ́gbẹ̀rún-Àjẹ̀ bọ́ sí mi lẹ́nu pẹ̀lú omi rẹ̀, mo pa ẹnu dé. Ọ̀nà ilé yá.

Ní oríta, iwin kan jókòó tó ń jẹ́ Amúnibínú. Bó ti rí mi ló bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọdẹ́rìnlọ aláwọ-ẹkùn-rírà!" Mo ń lọ. Ó ní, "Baba rẹ tí wọ́n fi ṣe Aṣípa, ọ̀kẹ́rẹ́ ló máa ń sá fún!" Ojú mi pọ́n, mo fi ẹ̀ṣẹ́ lu igi, mo ń lọ. Ó rí i pé èébú kò ràn mí, ló bá yí ohùn padà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ki mi, ohùn rẹ̀ dùn ju ti ìyá mi lọ: "Ọdẹ́rìnlọ, ọmọ Aṣípa ọdẹ, ọdẹ tí ẹfọ̀n rí tó gbàgbé..." Ó dúró síbẹ̀. Kò parí rẹ̀. Ó tún bẹ̀rẹ̀, ó tún dúró síbẹ̀: "...ọdẹ tí ẹfọ̀n rí tó gbàgbé..." Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá, ṣé ẹ mọ ohun tí ojú mi rí? Wọ́n ń ki mi, wọ́n gé e sí méjì, èyí tó kù sì ń yún mi ní ahọ́n! Omi lé bọ́nbọ́n ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. Mo fi ọwọ́ méjèèjì di ètè mú, mo sáré. Ọ̀pọ̀lọ́ kì í sáré ọ̀sán lásán. Ẹni tó bá mọ ọdẹ mìíràn tó lè ṣe é, kí ó dìde nísinsìnyí kí a rí i!

Mo sún mọ́ ìlú, mo rí eruku. Oṣù ti kú. Gbogbo Olómitútù ló wà lójú ọ̀nà pẹ̀lú ẹrù lórí, Olómi ló ṣáájú, Ìbídùn ń bọ̀ lẹ́yìn pátápátá, ó ń wo ẹ̀yìn ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú. Wọ́n rí mi, wọ́n hó yèè. Olómi ní, "Ọdẹ́rìnlọ, káàbọ̀. Kí lo rí?"

Ọ̀ràn dé. Bí mo bá dáhùn, omi yóò tú. Bí mo bá dọ̀bálẹ̀, omi yóò tú. Mo dúró gan-an níwájú ọba, mo wò ó. Olómi tún kí mi, mo tún wò ó. Ẹnu ya gbogbo ènìyàn. Àwọn ẹmẹ̀wà ní, "O rí Kábíyèsí nílẹ̀, o kò kí i?" Ọ̀kan gbá mi létí, òmíràn ti orí mi mọ́lẹ̀ kí n lè dọ̀bálẹ̀. Omijé ń bọ́ lójú mi, n kò ya ẹnu.

Ìbídùn sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀, ó la àárín wọn kọjá, ó kúnlẹ̀. Ó ní, "Kábíyèsí, ẹ dákun. Ọdún mọ́kànlélógún ni mo ti wà lọ́ọ̀dẹ̀ ọkùnrin yìí. Bó bá ń jẹun, ó ń sọ̀rọ̀. Bó bá ń sùn, ó ń sọ̀rọ̀. Bí Ọdẹ́rìnlọ bá dákẹ́, nǹkan kan wà lẹ́nu rẹ̀ tó ju ọ̀rọ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kó kọjá." Olómi wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi dáadáa, ó gbé ọwọ́ sókè, wọ́n fi mí sílẹ̀.

Mo kọrí sí orísun, gbogbo ìlú tẹ̀ lé mi pẹ̀lú ẹrù lórí. Mo kúnlẹ̀, mo ti ojú bọ inú omi tó ń rùn yẹn, mo ya ẹnu. Ẹlẹ́gbẹ̀rún-Àjẹ̀ jáde. N kò rí i. Kò sẹ́ni tó lè rí i. Mo gbé orí sókè, gbogbo ojú wà lára mi, mo sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí mo bá kọ́kọ́ sọ lọ́jọ́ yẹn ni yóò lé mi kúrò nílùú.

Mo ní, "Èmi ni mo da oògùn sínú odò. Wolé-wolé ní kòkòrò wà nínú rẹ̀, mo sì ní oògùn kòkòrò nílé. Ìdérí kan ni mo dà. Àwọn tí mo pa, àwọn ló ń gbá omi yìí fún wa." Mo sọ gbogbo ohun tí mo rí fún wọn, n kò fi ẹyọ irọ́ kan kún un. Lẹ́yìn náà mo tẹ orí ba, mo ń retí òkò.

Òkò kò bọ̀. Mo gbọ́ ohùn Ìbídùn lẹ́bàá etí mi, ó kéré gan-an. Ó ní, "Ike tó wà ní kọ̀rọ̀ yàrá wa, èmi náà bù ú dà sódò. Mo rò pé ẹja ni kòkòrò náà ń bà jẹ́."

Káfíńtà ìlú wa sọ ẹrù kalẹ̀. Ó ní, "Èmi náà dà á. N kò fẹ́ kí ìyàwó mi máa ṣe wàhálà igi." Ìyá àgbà kan ní ọmọ òun ló bá òun dà á, àwọn fi orúkọ Ọlọ́run sí i. Wọ́n ń sọ ọ́ lọ bẹ́ẹ̀, ìdérí kan, ìdérí kan, láti ilé dé ilé. Oníkálùkù ti dá ọgbọ́n náà nínú yàrá rẹ̀, oníkálùkù rò pé òun nìkan ló gbọ́n, nígbà tí omi sì bàjẹ́, oníkálùkù rò pé òun nìkan ló ṣẹ̀. Inú bí mi! Èmi tí mo ti gbé ẹ̀bi gbogbo wọn la igbó já, tí okùn nà mí, tí wọ́n gbá mi létí!

Ó wá ku ẹnì kan. Gbogbo wa yíjú sí Olómi tó ní òun yóò lé ẹlẹ́ṣẹ̀ àti ilé rẹ̀ lọ. Kábíyèsí ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Ó ní, "Ìdérí méjì ni tèmi. Mo rò pé ọba kò gbọdọ̀ da ẹyọ kan."

Kò sẹ́ni tó lé ẹnikẹ́ni mọ́. Ta ni yóò dúró nílùú kí ó máa lé àwọn yòókù? A sọ ẹrù kalẹ̀. Olómi jókòó lórí òkúta, èmi àti Ìbídùn jókòó lórí iyanrìn, gbogbo Olómitútù tẹjú mọ́ omi tó ń rùn náà, a ń bẹ ẹnì kan tí a kò lè rí pé kí ó jọ̀wọ́, kí ó fi ojú àánú wò wá, kí ó pín.